Ẹ Béèrè Kọ́kọ́rọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde ilé ẹ̀kọ́ lónìí, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kó wá bá yín sọ̀rọ̀ mọ̀ pé ebi ti ń pa yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé wá, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn ún.

Kọ́bọ́ọ̀dù kan tí wọ́n tì pa ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ni, yàrá mẹ́rin, kànga kan lẹ́yìnkùlé. Àwọn kan wá fi ẹ̀rọ pélébé kan ta wọ́n lọ́rẹ. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Aláìsàn á gbé ìka ọ̀tún àti ti òsì lé e, á jókòó jẹ́ẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ìlù ọkàn rẹ̀ á sì máa yọ lójú fóònù bí ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé ìwòsàn gbé ẹ̀rọ náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀. Ó ní kó má baà bàjẹ́ ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, obìnrin kan wọlé, ó pọn ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé okùn sálúbàtà ti wọnú ẹran. Ó ní òun kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, pé ìjókòó lòun ń sùn mọ́jú, nítorí bí òun bá dùbúlẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n fi omi rì òun. Wọ́n ní ara abiyamọ ló ń ro ó, kó lọ sinmi, kó dín iyọ̀ kù. Nọ́ọ̀sì tó dúró níwájú yín yìí béèrè kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sípàdé. Ó tún béèrè, àgbà kan lẹ́nu iṣẹ́ sì bi í pé ṣé ó ti di dókítà ni. Ó dákẹ́.

Obìnrin náà kò padà wá. Ọkọ rẹ̀ ló wá, ó wá gba káàdì rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ yẹn kò lè sọ tán. Ìlù ọkàn ló ń kà, kì í wọn agbára tí ọkàn fi ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ọkàn tó ń sáré láìdúró bá yọ lójú fóònù, ta ni ì bá tún sọ pé kó lọ sinmi? Àìsàn kan wà tó máa ń mú kí iṣan ọkàn rọ lára obìnrin, láti oṣù tó gbẹ̀yìn oyún títí di nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Òkè Ọya ilẹ̀ wa wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù láyé. Àmì rẹ̀ sì jọ àárẹ̀ oyún bí ìbejì ṣe ń jọra.

Dókítà Demilade Adedinsewo ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbí gbé ẹ̀rọ ìgbọ́-àyà kan lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́fà ní Nàìjíríà. Ó ń gbọ́ àyà, ó ń ka iná mànàmáná inú ọkàn, kọ̀ǹpútà á sì sọ bóyá ọkàn ti ń rẹ̀. Obìnrin 1,195, aboyún àti abiyamọ, ni wọ́n tẹ̀ lé. Láàárín àwọn tí wọ́n tọ́jú bí a ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 2 nínú 100 ni wọ́n rí i pé ọkàn wọn ti rẹ̀. Láàárín àwọn tí wọ́n lo ẹ̀rọ fún, ó lé ní 4. Ọdún 2024 ni èsì náà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Medicine. Ẹ ronú lórí ìlọ́po méjì yẹn dáadáa: ìyá ọmọ ni wọ́n.

Ẹ wo ibi tí irú ẹ̀rọ yìí ti bẹ̀rẹ̀: èyí tí Willem Einthoven ṣe láti fi ka iná ọkàn ní Netherlands wúwo tó nǹkan bí 270 kílò. Ènìyàn márùn-ún ló ń darí rẹ̀, aláìsàn á sì ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ inú korobá omi iyọ̀. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1924 ni wọ́n fi dá a lọ́lá. Ní Kamẹrúùnù, Arthur Zang ṣe Cardiopad, ẹ̀rọ tó ń ka iná ọkàn, kí aláìsàn abúlé má baà rìnrìn àjò lọ sí Yaoundé tàbí Douala kí dókítà ọkàn tó rí i. Ẹ̀bùn Africa Prize ọdún 2016 sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Gbogbo làálàá yìí, a wá lọ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù!

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè (CHEW), ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tuntun, lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, ẹ béèrè ibi tí ẹ̀rọ wà àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ béèrè, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ fi fóònù ẹ̀rọ náà sí ṣáájì lálaalẹ́. Ẹ há nọ́ḿbà ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín sórí, nítorí ẹ̀rọ kì í wo àìsàn, ẹ̀yin lẹ máa gbé aláìsàn débi tí wọ́n á ti wò ó.

Ọmọ àbúrò nọ́ọ̀sì yìí wà láàárín yín, ìlà kẹta, ó mọ ara rẹ̀. Lálẹ́ àná ló ń sọ pé òun á kọ́kọ́ máa ṣe jẹ́jẹ́, kí ọ̀gá má baà bínú sí òun. Ọmọ mi, bí àǹtí rẹ ṣe ṣe gan-an nìyẹn. Wò ó, ojú ọkùnrin tó wá gba káàdì yẹn kò tíì kúrò lójú àǹtí rẹ dòní.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yìí di ọ̀gá níbòmíràn, ó so ẹ̀rọ tiwọn mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfúnpá, kí ẹnikẹ́ni lè mú un. Kò pé ọdún kan tí ẹ̀rọ náà fi bọ́ sínú korobá omi tó sì kú. Wọ́n fún nọ́ọ̀sì yìí ní kúẹ́rì, wọ́n yọ owó ẹ̀rọ náà nínú owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ náà tó bọ́ sómi, obìnrin mẹ́ta ni ìlà rẹ̀ ti mú kí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń ta gààrí lọ́jà, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a di nọ́ílọ̀n, kì í sì í jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yìí kọjá láì fi èènì sí i.