Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Ogun tí à ń pè ní Diplomacy
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa)

 

Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, àgbà kan dìde, ó sì béèrè irú eré tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń ta nínú yàrá ìwé ẹgbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí wọn kì í fi í tètè lọ sí ilé. Ó ní òun gbọ́ pé eré irọ́ pípa ni, àti pé kò tọ́ kí ẹgbẹ́ tí ó ń kéde ìwà ọmọlúwàbí kiri máa pèsè àga àti iná fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ tì. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí àwa tí a mú ọpọ́n eré náà wọ ilé yìí wá sọ tẹnu wa kí wọn tó pinnu bóyá kí á gbé e jáde. Nítorí náà ni a ṣe dúró níwájú yín. A ó sọ bí a ti ń ta eré náà, a ó sọ ọgbọ́n tí a fi ń borí, a ó sì sọ ti irọ́ náà pẹ̀lú. A kì yóò fi aṣọ bò ó.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Allan Calhamer, ni ó ṣe eré yìí. Ó ti ka ìwé lórí bí ogun 1914 ti ṣe bẹ́ sílẹ̀, bí àwọn ìjọba ńláńlá ti ń bá ara wọn ṣe àdéhùn ní ìkọ̀kọ̀ títí tí àdéhùn fi wọ́ gbogbo wọn sínú iná. Ní ọdún 1954 ni ó sì fi ohun tí ó kà ṣe eré. Nígbà tí kò rí ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ná owó ara rẹ̀ ní ọdún 1959, ó ṣe 500 ọpọ́n, ó sì tà wọ́n. Eré náà kò sọ ọ́ di olówó. Ní ìpínlẹ̀ Illinois ni ó ti ṣe iṣẹ́ a-pín-lẹ́tà. Ọkùnrin tí ó kọ́ àwọn ènìyàn bí ọba ti ń ránṣẹ́ sí ọba wá ń gbé ìwé ẹlòmíràn kiri ojúlé. Ó kú ní ọdún 2013.

Àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ni ọpọ́n náà, bí ilẹ̀ náà ti rí kí ogun 1914 tó dé, ọdún 1901 sì ni eré ń bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn méje ni í ta á, olúkúlùkù pẹ̀lú ìjọba tirẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Ọ́stríà pẹ̀lú Họ́ngárì, Rọ́ṣíà, àti Tọ́kì. Àwọn ìlú kan wà lórí àwòrán náà tí a fi àmì sí; ìlú ìpèsè ni a ó máa pè wọ́n, nítorí pé láti ibẹ̀ ni oúnjẹ àti ohun ìjà àwọn ọmọ ogun ti ń wá. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni gbogbo wọn. Rọ́ṣíà ní mẹ́rin níbẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́fà yòókù ní mẹ́ta mẹ́ta, méjìlá tí ó kù sì jẹ́ ti àwọn ilẹ̀ kéékèèké tí kò sí ẹni tí ń ta eré fún wọn, bíi Bẹ́ljíọ̀mù, Serbia àti Tunis. Iye ìlú ìpèsè tí o bá ní ni iye ẹgbẹ́ ogun tí o lè bọ́, ìbáà ṣe ti orí ilẹ̀ tàbí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun lórí òkun. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba méjìdínlógún ni ó borí.

Ìgbà méjì ni a ń rìn lọ́dún, ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé. Lẹ́yìn ìwọ́wé ni a ń ka ìlú, tí ẹni tí ó jèrè yóò dá ẹgbẹ́ ogun tuntun sílẹ̀, tí ẹni tí ó pàdánù yóò sì tú tirẹ̀ ká. Kò sí ẹni tí ń dúró de ẹnìkejì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nídìí ayò. Olúkúlùkù ń kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé ní ìkọ̀kọ̀, a ó sì ṣí gbogbo ìwé náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọmọ ayò tí a ń jù, kò sí oríire. Ohun tí o kọ ni yóò ṣẹ. Bí o bá sì kọ ọ́ ní àṣìkọ, àṣìkọ náà ni àṣẹ rẹ. A ti rí ọ̀gá ilé ìwé kan tí ó pàdánù ìlú nítorí pé ó kọ orúkọ ìlú kan dípò òmíràn. A kò sì gbà á gbọ́ títí di òní pé kò rí i dáadáa ni.

Àṣẹ mẹ́rin péré ni ó wà. Ẹgbẹ́ ogun lè dúró níbi tí ó wà. Ó lè lọ sí ibi tí ó bá a pààlà. Ó lè ti ẹgbẹ́ mìíràn lẹ́yìn. Ọkọ̀ ogun tí ó wà lójú òkun sì lè kó ọmọ ogun orí ilẹ̀ kọjá omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí ti ìtìlẹ́yìn, nítorí òun ni ọkàn eré náà. Agbára gbogbo ẹgbẹ́ ogun dọ́gba. Bí ọ̀kan bá kọlu ọ̀kan, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Olúkúlùkù yóò padà sí àyè rẹ̀. Bí Faransé bá fẹ́ wọ Burgundy láti Paris, tí Jámánì náà sì ń bọ̀ níbẹ̀ láti Munich, kò sí ẹni tí yóò wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ ogun Faransé tí ó wà ní Marseilles bá kọ ọ́ pé òun ti ti Paris lẹ́yìn, méjì di ọ̀kan, Faransé wọlé, Jámánì dúró síta. Wàyí o, bí Ítálì bá wà ní Piedmont, tí ó sì kọlu Marseilles, bí kò tilẹ̀ lè gba ìlú náà rárá, ìtìlẹ́yìn náà já. Ẹni tí a ń bá jà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kò lè ran ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́.

Òfin kan sì kù tí ó ju gbogbo wọn lọ: o lè ti ẹgbẹ́ ogun ìjọba mìíràn lẹ́yìn, kí òun náà sì ti tìrẹ. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo agbára ti dọ́gba, kò sí ẹni tí yóò rìn jìnnà bí kò ṣe pé ẹlòmíràn gbè é. Ìdí nìyí tí a fi ń fún àwọn atayò ní ààbọ̀ wákàtí láti sọ̀rọ̀ kí ìrìn kìn-ín-ní tó wáyé, àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí gbogbo ìrìn yòókù tó wáyé. Wọn yóò dìde, wọn yóò lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, sí ìdí àtẹ̀gùn, sí abẹ́ igi. Èyí ni ẹ̀yin àgbà ń rí tí ẹ fi ń rò pé wọ́n ń dìtẹ̀. Òtítọ́ ni, wọ́n ń dìtẹ̀. Kò sì sí òfin kan nínú ìwé eré náà tí ó de ẹnikẹ́ni mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àṣẹ tí a kọ nìkan ni a ń kà.

Ẹ̀yin tí ìtàn ogun Kírìjì kò ṣàjèjì sí kò nílò ọpọ́n láti mọ ohun tí à ń wí. Láti ọdún 1877 ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti kojú ara wọn. Ìbàdàn kò kéré, àwọn ológun rẹ̀ kò sì ṣojo. Ṣùgbọ́n Ìlọrin dó ti Ọ̀fà ní apá kan, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sì há ọ̀nà òkun mọ́ ọn ní apá kejì, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ tí ó yẹ kí ó ran Kírìjì lọ́wọ́ ń jà níbòmíràn. Ìyẹn ni ìtìlẹ́yìn tí ó já. A tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ogun náà kò parí pátápátá títí di 1893.

Nípa ọgbọ́n títa rẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ fún ọ̀pẹ ni pé kí ó wo àwòrán náà bí ilé oníyàrá méjì. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì wà ní yàrá ìwọ̀-oòrùn. Ọ́stríà, Rọ́ṣíà àti Tọ́kì wà ní ti ìlà-oòrùn. Ítálì jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, méjì tí ó bá kọ́kọ́ mọwọ́ ara wọn yóò jẹ ẹ̀kẹta. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dákẹ́ ní ààbọ̀ wákàtí ìṣáájú, nítorí pé ó jẹ́ onítìjú tàbí pé ó ka ara rẹ̀ sí ẹni ńlá tí a ó wá bá, òun náà ni ẹ̀kẹta. A ti rí i tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn pàtàkì.

Gẹ̀ẹ́sì nílò ọkọ̀ ogun púpọ̀, nítorí ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí kò rí ọkọ̀ yóò kàn máa wo omi ni. Ọ́stríà ni ó ṣòro jù, nítorí aládùúgbò yí i ká. Ẹgbẹ́ ogun tuntun kò sì lè jáde níbòmíràn ju ìlú ìpèsè tí ó jẹ́ tirẹ níbẹ̀rẹ̀ lọ, bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ilé gbọdọ̀ ṣófo kí o tó lè bí ọmọ sínú rẹ̀, ilé tí ó ṣófo sì ni olè ń wò. Ẹni tí ó bá ti ní ìlú méjìlá tàbí mẹ́tàlá, kí ó má ṣe yangàn, nítorí àwọn tí ó kù yóò gbàgbé ìjà àárín ara wọn, wọn yóò so ọwọ́ pọ̀ ní ìlà kan lórí ọpọ́n, kò sì ní rí ibi gbà kọjá mọ́ láéláé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òfin gbà pé kí àwọn tí ó ṣẹ́kù jọ pín ìṣẹ́gun náà ní dọ́gbadọ́gba.

Ó wá ku ti irọ́. Àwa fúnra wa ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ọmọ ọlọ́mọ ni a ń bú. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ mú ọpọ́n náà dé, àwa ni Ọ́stríà, ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ dàgbà sì ni Ítálì. Venice tirẹ̀ àti Trieste tiwa pààlà. Kò sí ibòmíràn lórí ọpọ́n náà tí ìlú ìpèsè ìjọba ńlá méjì ti fara kan ara wọn báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. A jọ ṣe àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kì yóò kọjá ààlà. Ọdún mẹ́ta lórí ọpọ́n ni àdéhùn náà fi dúró. Ní ìwọ́wé 1904, ó kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Venice láti lọ kojú Faransé, ó sì sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé òun ń lọ. A ní kí ó máa lọ, ilé kò ní bàjẹ́. A wọ Venice.

Ìlú kan ni a jèrè. Láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tí ó tún bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Rọ́ṣíà rẹ́rìn-ín sí wa, kò sì kọ ohunkóhun fún wa. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ ogun Tọ́kì dé Albania. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ni Ítálì ṣẹ́kù sí, ní òkun Adriatic, kò sì sí èrè kankan fún un mọ́. Síbẹ̀ ó ti Tọ́kì lẹ́yìn wọ Trieste. Kò pẹ́ tí a fi pa rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ wa kò fi yà sí ilé wa. Nígbà tí ó wá, ó ní, “Kì í ṣe Venice ni ó dùn mí. O wo ojú mi, o ní kí n máa lọ.” A kò rí èsì fún un, a kò sì tíì rí i.

Nítorí náà, a kì yóò sọ fún àgbà wa pé kò sí irọ́ nínú eré náà. Ohun tí a lè sọ ni pé kò sí òfin tí ó ní kí a pa á, àti pé àwọn ọ̀ta nínú eré náà kì í náwó irọ́ bí ọ̀pẹ ti ń ná an. Ẹni tí ó bá lè sọ pé “N kò lè ṣèlérí ìyẹn fún ọ” ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Meta ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Cicero, ó sì ta eré yìí nígbà 40 pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Ó wà lára ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ó ga jù nínú àwọn tí ó ta ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn tí ó ṣe é ní àwọn kọ́ ọ kí ó máa sọ òtítọ́ dé ibi tí ó lè ṣe é dé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí ibi tí òun náà ti da alájọṣe rẹ̀. Ẹ rí i pé a kò gbé ẹjọ́ wa lé ẹ̀rọ lórí.

Ohun tí a fi síwájú Ìgbìmọ̀ nìyí. Kí ọpọ́n náà dúró. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin, Bíbélì, Kùránì tàbí orúkọ òbí búra nídìí rẹ̀, nítorí ìbúra kì í ṣe ti eré, ẹni tí ó bá sì ṣe é, kí ó dìde kúrò níbẹ̀. Kí àwọn tí ó bá dalẹ̀ ara wọn lórí ọpọ́n jọ jẹun kí wọn tó lọ sí ilé. Kí á sì má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tí kò tíì jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ta á, nítorí wọn kò tíì mọ ibi tí eré parí sí.

Bí Ìgbìmọ̀ bá gbà, a ó ta á ní Sátidé tí ń bọ̀ ní agogo mẹ́rin. A ti fi Tọ́kì sílẹ̀ fún àgbà tí ó béèrè ọ̀rọ̀ náà. Igun ọpọ́n ni ó wà, kò sí ẹni tí yóò bá a láti ẹ̀yìn. Kí ẹni tí yóò mú Rọ́ṣíà tètè dé, kí ó wá bá wọn sọ ti Òkun Dúdú.