Ilé Ìkàwé àti Ìkòkò Ọbẹ̀: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Olóyè àti Ọmọ Ẹgbẹ́ Sọ

  

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé la máa gbà dé ibẹ̀. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Kí ni ìwé kíkà ní í ṣe pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀?" Ẹ ní sùúrù fún wa díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń gbé lónìí, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí.

Ìjọba ibẹ̀ ní ètò ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní SNAP. Àwọn àgbà wọn ṣì ń pè é ní food stamps, nítorí pé òǹtẹ̀ bébà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1939 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà náà, irè oko àwọn àgbẹ̀ ń ṣòfò nítorí kò rí ẹni rà á, ebi sì ń pa àwọn aráàlú tí kò ní owó tí wọ́n máa fi rà á. Ìjọba wá ta òǹtẹ̀ aláwọ̀ ọsàn fún aláìní. Ẹni tó bá ra ti dọ́là 1, wọ́n á fi òǹtẹ̀ búlúù tó tó sẹ́ǹtì 50 lé e lọ́fẹ̀ẹ́, kó fi ra oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ́jà. Àgbẹ̀ rí tajà, aláìní rí jẹ. Ní 1964 ó di òfin ní orílẹ̀-èdè náà, ní 2008 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí SNAP. Lónìí káàdì ni, ó dà bíi ti báńkì. Oṣooṣù ni owó ń wọ inú rẹ̀, oúnjẹ nìkan la sì lè fi rà. Kì í ra ọtí, kì í ra sìgá, kì í tilẹ̀ ra ọṣẹ. Ní ọdún 2024, àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ lóṣooṣù lé ní mílíọ̀nù 40.

Owó wà nígbà náà, òfin sì wà. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ti ń dí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ètò náà á kọ ìwé ìbéèrè: ènìyàn mélòó ló ń gbé pọ̀ tí wọ́n ń jẹ pọ̀, èló ló ń wọlé, èló ni owó ilé, èló ni owó iná. Á mú ẹ̀rí wá fún èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà òṣìṣẹ́ ìjọba á fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà. Òfin fún ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ rárá yẹ kó rí èsì láàárín ọjọ́ 7. Tí oṣù mélòó kan bá kọjá, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òmíràn kí káàdì má bàa gbẹ. Ẹ wò ó, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń sùn lọ́sàn-án nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dáhùn. Ebi tó ń pa á kò dín, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ti bọ́.

Ibí yìí ni ilé ìkàwé ti wọlé. Ní ìlú púpọ̀ níbẹ̀, òun nìkan ni ilé ìjọba tí ènìyàn lè wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í pé, "Ta lo fẹ́ rí?" Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ fún aráàlú, íntánẹ́ẹ̀tì wà, ẹ̀rọ tó ń ya ìwé wà, a sì lè fi iná sí fóònù. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé á fi ojú ewé tó tọ́ hàn ọ́, kí o má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì tó ń gba owó lórí ohun tí ìjọba ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ilé ìkàwé kan tún ya tábìlì sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó mọ òfin SNAP dáadáa, kí wọ́n wá jókòó lọ́jọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí aráàlú mọ ọjọ́ tí wọ́n á bá wọn. Ní ọdún 2009, ilé ìkàwé ìlú San Francisco gba òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ síṣẹ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá àwọn aláìní sọ̀rọ̀ láàárín àwọn pẹpẹ ìwé. Láti ìgbà náà ìlú mìíràn ti tẹ̀ lé e. Lásìkò ọlidé gígùn, tí ilé ìwé ti tì, àwọn ilé ìkàwé kan máa ń fún ọmọdé ní oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ ń jẹun, ìyá ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwé. A fẹ́ràn èyí gan-an, nítorí ìtìjú kò sí níbẹ̀: ta ló máa mọ̀ bóyá ìwé ìtàn lo wá yá ni tàbí ìrànlọ́wọ́ lo wá tọrọ?

Àmọ́ ilé ìkàwé mọ ààlà rẹ̀ o. Kì í ṣe òun ló ń pinnu ẹni tó máa rí gbà. Kò gbọdọ̀ sọ fún ènìyàn pé, "Wàá rí i," kò sì gbọdọ̀ tọ́jú nọ́ńbà àṣírí káàdì ẹnikẹ́ni. Nígbà tí o bá parí, wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń jáde kúrò lójú ewé náà pátápátá, kí ẹni tó kàn má bàa bá ọ̀rọ̀ ilé rẹ lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ gba wá láyè ká sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù keje ọdún 2025 ti mú ọ̀nà náà há sí i. Àwọn tí wọ́n ní dandan kí wọ́n ṣiṣẹ́ wákàtí 80 lóṣù kí wọ́n tó lè máa gbà á ti pọ̀ sí i, títí dé ẹni ọdún 64. Nínú àwọn àjèjì pẹ̀lú, àwọn kan tó ń rí gbà tẹ́lẹ̀ kò rí i gbà mọ́, títí kan àwọn tó wá síbẹ̀ wá sá di orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá ní káàdì ìgbé ayérayé tó sì ti dàgbà, ọdún 5 ló sábà máa dúró kí ó tó lẹ́tọ̀ọ́. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, bí òbí rẹ̀ kò tilẹ̀ ní. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ òfin kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, kí wọ́n má gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwa kò ní SNAP. Oúnjẹ tí ìjọba Benin ń fún àwọn ọmọ nílé ìwé, èyí tó ti ń gbòòrò láti ọdún 2017 pẹ̀lú ìrànwọ́ àjọ PAM, kò béèrè ìwé lọ́wọ́ òbí. Ṣùgbọ́n ọmọ kan náà tó ń jẹ ẹ̀wà níbẹ̀ á dé kíláàsì CEP, wọn á sì béèrè ìwé ìbí rẹ̀. Ètò ARCH wà fún ìlera, fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, fún owó yíyá àti owó ọjọ́ ogbó. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ANIP ń fúnni, ìyẹn NPI, ti di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn púpọ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé, ìta ló wà.

Àwọn ará Tógò tó wà níbí rántí Novissi. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé ọjà mọ́ àwọn ènìyàn, ìjọba wọn ní kí aláìní tẹ *855# lórí fóònù kó fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ní agbègbè Lomé, obìnrin ń gba 12 250 CFA lóṣù, ọkùnrin 10 500, lórí T-Money tàbí Flooz. Ètò tó dára ni, ó sì yára. Kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni tò sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Síbẹ̀ ẹni tí kò ní káàdì ìdìbò kò lè wọlé, bí ó ti wù kí ebi pa á tó. Kí òjò tó dé ló yẹ ká ti gbẹ́ kòtò omi.

Ní ọ̀dọ̀ wa, orúkọ pàápàá ń dá ìṣòro sílẹ̀. Akọ̀wé kan kọ Ṣàbí ní Chabi, èkejì kọ ọ́ ní Tchabi. Òjó di Odjo nínú ìwé ìbí, ó di Ojo nínú káàdì ilé ìwé. Ọmọ kan náà ni, ìyá kan náà ló bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ Òjó, lẹ́tà ló mọ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí rárá á lọ sílé ẹjọ́ fún jugement supplétif, yóò sì wá ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá ẹni tó máa bá a wọ ojú ewé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ìyá àgbà kan báyìí? Ọmọkùnrin kan tó ní kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń gba iye tó bá wù ú. Tàbí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa, ẹni tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú, tó máa ní kí ìyá náà rántí òun lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹ̀tọ́ ni ìwé ìdánimọ̀, kò yẹ kó di ẹ̀bùn lọ́wọ́ olóṣèlú kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwa fúnra wa ń dìbò fún.

A sì ní ilé ìkàwé. Ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè wà ní Àjàṣẹ́ níbí. Àwọn CLAC, tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè elédè Faransé dá sílẹ̀ fún ìgbèríko, wà ní kómúnù mélòó kan. Níbi tí kò sí CLAC, yàrá kan nílé ìwé tàbí ní ilé ọ̀dọ́ á ṣe é. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ mérì wa kò pọ̀: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́, àti ẹnì kan tó gbọ́ èdè wa tó sì mọ Faransé kọ. Kó máa jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, nítorí ọjọ́ ọjà ni àwọn ará oko ń wọ̀lú. Kó máa bá ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìní ní kómúnù ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí tí a mọ̀ sí CPS tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GUPS báyìí. Kí wọ́n lẹ iye owó gbogbo ìwé mọ́ ara ògiri ní lẹ́tà gàdàgbà, kí àwọn ọmọ ilé ìwé kà á sí etí àwọn ìyá wọn.

Wọ́n á ní owó kò sí. Owó tí wọ́n fi ń san ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé tó ṣófo láti àárọ̀ di alẹ́ ńkọ́? Wọ́n á ní ariwo á dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n fún tábìlì náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin olóyè, a mọ̀ pé ẹ lè máa rò ó pé a fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ tí ta bí, ẹ̀yin lẹ mọ ilé tí iná kì í jó nínú ààrò rẹ̀ lálẹ́, tí onílé kò sì lè sọ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyẹn. Ẹ máa rán wọn wá, ẹ máa jẹ́rìí sí wọn. Ohun kan ṣoṣo tí a bẹ̀ yín ni pé kí ẹnikẹ́ni má gba owó lórí ẹ̀rí náà.

A ti kọ lẹ́tà sí àwọn mérì, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ló wà. Kí olóyè tó bá fọwọ́ sí i fi orúkọ àdúgbò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà lò, tí ẹ lè fi ọjọ́ ọjà kan sílẹ̀ lóṣù láìgba owó, ìwé tiyín wà lórí tábìlì kejì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.