Ọjà Alẹ́ àti Ìdọ̀tí Tó Ń Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọjà alẹ́ la gbé dání lónìí, irú èyí tó máa ń kún iwájú ààfin àti ìkóríta kí ilẹ̀ tó ṣú tán.

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, fìtílà elépo pupa ló ń tàn níwájú àtẹ. Ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Bí oníbàárà bá jẹun tán tó ju ewé nù, ewúrẹ́ á jẹ lára rẹ̀, ìyókù á jẹrà di ilẹ̀dú.

Lónìí ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ló ń dún lẹ́yìn ìsọ̀, èéfín rẹ̀ sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró alákàrà tó jókòó tì í. Ọ̀rá ni wọ́n fi ń di gbogbo nǹkan, ọ̀rá kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbá a wọnú gọ́tà, gọ́tà á dí, omi á ya wọlé onílé.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Òfin náà dára, àmọ́ kò lè dá iṣẹ́ ìmọ́tótó ọjà ṣe. Ní ti jẹnẹrétọ̀, àwọn ìsọ̀ kan ti ń lo iná tó ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀. Kò pariwo, kò sì rú èéfín.

Ẹ̀yin tó ń lọ sọ́jà lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú abọ́ àti agbọ̀n yín dání láti ilé.