Wúrà Djado àti Owó Àjẹṣẹ́kù Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù ní Mazamaza)

  

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan nínú wa dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yá àwọn ọmọ wọn lówó kí wọ́n lè lọ wa wúrà. Ẹlòmíràn ní òun fẹ́ gba gbogbo àjẹṣẹ́kù òun fún ọ̀nà kan náà. A kò fẹ́ fi ẹ̀gàn dáhùn. Ọmọ tí ó ń wá ohun tí yóò jẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn kùsà wúrà kan fún yín, kí a tó sọ ìmọ̀ràn wa.

Djado ni orúkọ ibẹ̀. Ilẹ̀ olókè ni, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Niger, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, lábẹ́ ẹkùn Agadez. Àwókù ìlú àtijọ́ kan wà níbẹ̀, tí àwọn tí ó kọ́ ọ ti fi sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Yanrìn àti òkúta ni ojú ń rí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni ìròyìn jáde pé wúrà wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ibẹ̀ ni ariwo náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2012 ni wọ́n rí wúrà ní Jebel Amir ní Darfur, ní ilẹ̀ Sudan. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni ariwo dé òkè Tibesti ní ilẹ̀ Chad, kí ó tó kan Djado. Nígbà tí ó kàn án, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ya lọ: ará Niger, ará Chad, ará Sudan, àti àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wa wúrà náà? Ní ìbẹ̀rẹ̀, òkè ilẹ̀ ni ó wà. Ènìyàn yóò di ẹ̀rọ kan mú, yóò máa fi rá ilẹ̀, bí ó bá kan wúrà ẹ̀rọ náà yóò ké. Ẹni tí ó tètè dé ni ó ń rí ti òkè ilẹ̀ yìí. Bí èyí bá tán, ó di kí a gbẹ́ kòtò, kí a máa tẹ̀lé iṣan wúrà nínú àpáta lọ sísàlẹ̀. Kòtò báyìí a máa wó lu ènìyàn. Òkúta tí wọ́n bá gbé jáde, wọn yóò lọ̀ ọ́ kúnná, wọn yóò fi omi ṣàn án, wọn yóò da mẹ́kúrì sí i kí ó lè gbá wúrà mú, wọn yóò sì fi iná sun mẹ́kúrì náà kúrò. Èéfín rẹ̀ májèlé ni, a máa ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́.

Ẹ wá wo ibi tí owó wà. Nínú aṣálẹ̀, omi mímu, gààrí, epo ọkọ̀, irin iṣẹ́, ọkọ̀ ni ó ń ti ọ̀nà jíjìn kó gbogbo rẹ̀ wá, owó gọbọi ni wọ́n sì ń tà á. Ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ a wá olówó kan tí yóò máa bọ́ ọ, tí yóò ra irin iṣẹ́ fún un. Bí wúrà bá jáde, wọn yóò pín in, olówó yóò sì kọ́kọ́ yọ ohun tí ó ná. Bí kò bá jáde, ọmọ náà ti ṣiṣẹ́ oṣù púpọ̀ lófo. Ẹni tí ó ń ta omi jèrè lójoojúmọ́, bí wúrà jáde bí kò jáde. Ẹni tí ó wà nínú kòtò ni ó ń ta tẹ́tẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ìjọba Niger ti Djado pa. Wọ́n ní àwọn olè àti onífàyàwọ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun lé àwọn awakùsà kúrò. Ọdún mẹ́ta péré ni! Ẹni tí ó yáwó ní ọdún kẹta láti fi ra ẹ̀rọ, ta ni yóò bá a san án?

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, kí ni kàn wá ní aṣálẹ̀, ṣebí wúrà wà ní Iléṣà? Òótọ́ ni. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni a ti mọ̀ pé wúrà wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n ọdún 2021 ni kùsà ńlá ti Segilola, tí ilé iṣẹ́ Thor Explorations ń wà, ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi wádìí, tí a fi gbẹ́ ilẹ̀ wò, kí èrè kankan tó yọjú. Ẹ sì rántí Zamfara ní 2010. Àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú ilé, òjé wà nínú òkúta náà, ekuru rẹ̀ sì pa àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400.

Òfin ilẹ̀ wa ti 2007 lórí ohun àlùmọ́ọ́nì sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì. Ẹni tí ó bá wà á láìní ìwé àṣẹ rúfin. Ṣùgbọ́n òfin kan náà mọ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àwọn awakùsà kéékèèké, ó sì ní kí ìjọba máa ràn wọ́n lọ́wọ́ bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó láti lọ wa wúrà láìní ìwé àṣẹ. Owó tí ó wà nínú àpótí yìí, owó ìyá elépo ni, owó awakọ̀ ni, owó opó ni. Bí kòtò bá wó, àwọn onídùúró ni yóò san gbèsè, ara wa sì ni onídùúró.

Èkejì, ẹni tí ó fẹ́ gba àjẹṣẹ́kù rẹ̀, owó rẹ̀ ni, a kò lè dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́kọ́ bá ìgbìmọ̀ jókòó.

Ẹ̀kẹta, bí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ iṣẹ́ kùsà ní tòótọ́, kí wọ́n kó ara wọn jọ, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ. Nígbà náà, kí wọ́n mú ìwé wọn wá, a ó yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ti oníṣòwò wò.

Ẹ̀kẹrin, a dá a lábàá pé kí ilé yìí fọwọ́ sí ẹ̀yáwó irin iṣẹ́ fún ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, bí jíjó irin tàbí títún ọkọ̀ ṣe. Bí a bá kọ ti wúrà láìfi nǹkan mìíràn dípò, a ti lé ọmọ wa sí ojú ọ̀nà nìyẹn.

Ní 1844, ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 28 dá owó kéékèèké jọ, wọ́n ṣí ìsọ̀ kan tí ó ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà. Wọn kò rí wúrà. Síbẹ̀ lára wọn ni gbogbo ayé ti kọ́ iṣẹ́ tí a ń ṣe níhìn-ín. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀rọ̀ di tilé o. Ẹ bi wá ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà kí a dìbò.