Ta Ló Wà Lórí Wi-Fi Wa?

Ọ̀rọ̀ dátà tó ń tètè tán ni mo gbé wá lónìí. Àwa mẹ́ta péré là ń lo Wi-Fi sítúdíò wa, síbẹ̀ dátà oṣù kan kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mo bá ṣí tẹ́mínà, mo tẹ:

sudo nmap -sn 192.168.1.0/24

Ọ̀fẹ́ ni Nmap. Gordon Lyon ló gbé e jáde ní 1997. Àdírẹ́sì 256 ni àṣẹ yìí ń ké sí pé, "Àgò onílé o!" Kì í wọlé, ó kàn fẹ́ mọ ẹni tó wà nílé ni.

Ẹ̀rọ míì kì í dá ping lóhùn. Ṣùgbọ́n lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ARP ni Nmap fi ń bèèrè. Ẹ̀rọ tí kò bá jẹ́ ARP, dátà kò ní mọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jẹun níbẹ̀ kò lè díbọ́n pé òun ò sí nílé.

Ẹ̀rọ mọ́kànlá ló dáhùn. Méje ni tiwa, ráútà wà nínú rẹ̀. A yí páswọ́ọ̀dù padà, dátà sì ń pé oṣù báyìí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín nìkan ni kí ẹ ti dán an wò o, tàbí ti ẹni tó fún yín láṣẹ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.