Ẹ̀rọ Méjì Kì í Gbọ́ra Wọn Yé Láìfohùn Ṣọ̀kan

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Adéwọlé, Ìlọrin)

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń mú lọ́wọ́ gba owó ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbà má ṣe sùn, nítorí owó gbogbo wa ni ó kàn.

Ẹ ó rántí ìgbà tí a gba owó ẹgbẹ́ kọjá. Ìyá àgbà kan san tirẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì tẹ ìwé fún un, ṣùgbọ́n àmì játijàti ni ó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí a béèrè rìsíìtì, díẹ̀ ni ó kù kí a pè é ní òpùrọ́. Ìyá bi wá pé, "Ta ni kò mọ̀wé, èmi ni tàbí ẹ̀rọ yín?"

Kí ni ó fa èyí? Irú wáyà tí à ń pè ní serial ni ó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Amẹ́ríkà ni a ti gbé ìlànà rẹ̀, RS-232, jáde ní ọdún 1960. Lórí rẹ̀, bit a máa tò lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-ìwé tí ń wọ kíláàsì. Gẹ́gẹ́ bí ètò tí ó wọ́pọ̀, lẹ́tà kan gba bit 10: ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, 8 fún lẹ́tà fúnra rẹ̀, ọ̀kan fún ìparí. Bí ìyára bá jẹ́ 9600, lẹ́tà 960 ni yóò kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyára yìí ni ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́dọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Tiwa ń sọ̀rọ̀ ní 115200, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń gbọ́ ní 9600.

USB, tí ó jáde ní 1996, yàtọ̀. Ọ̀gá kan ni ó wà níbẹ̀. Èkejì kì í dáhùn àfi bí ọ̀gá bá bi í. Bí a bá so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà ọwọ́, kọ̀ǹpútà ọwọ́ ni ó gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀gá. Ìlànà On-The-Go ti 2001 ni ó la ọ̀nà yìí, Android 3.1 ti 2011 sì ṣí i fún àwọn tí ń kọ ètò. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó lè ṣe é. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu USB tàn yín jẹ: bí serial bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ yan ìyára.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ owó olówó sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ kí ẹ tó tẹ ìwé. Ẹ má sì ṣe kọ ọ́ pé "ó ti dé" títí ẹ ó fi gbọ́ èsì láti òdì kejì.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá. Kí irú rẹ̀ má ṣe tún ṣẹlẹ̀ mọ́.