Mọ́tò Tí Kò Ní Fáàrí: Kí Lẹ Máa Yọ, Kí Lẹ Máa Fi Sílẹ̀?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí: tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò bá ní kẹ́ ẹ yọ nǹkan márùn-ún kúrò lára mọ́tò tuntun kówó rẹ̀ lè wálẹ̀, kí lẹ máa yọ?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín. Mọ́tò tuntun kẹ̀? Níbi tí Corolla tòkunbọ̀ tó ti lo ogún ọdún lókè òkun ti ń dẹ́rù ba èèyàn? Òótọ́ ni. Kí ìjọba tó ní kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó di 2024, ó ti ju ₦1,400 lọ. Dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra tòkunbọ̀.

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n máa ṣe mọ́tò tí kò ní fáàrí. Kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ yìí. Ẹ bi àwọn bàbá yín léèrè nípa Volkswagen tí wọ́n ń pè ní ìjàpá. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, l'Ékòó. Ìjàpá ò ní AC, ọwọ́ lẹ fi ń yí fèrèsé rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ló sì ń tù ú, kò lo radiétọ̀ olómi. Tíṣà rà á, nọ́ọ̀sì rà á, mẹkáníìkì àdúgbò sì mọ gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà oko.

Lónìí ńkọ́? Ẹ wọ Micra láti Òkè-Baálẹ̀ lọ sí Oríta Ọláìyá. Bọ́tìnnì AC wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán tipẹ́. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí fèrèsé, ẹyọ kan ló kù nínú mọ́tò: awakọ̀ á nà án sí yín, ẹ ó yí tiyín, ẹ ó dá a padà. Àbí mo parọ́? Mọ́tò tí wọ́n ti yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀ la ti ń gùn látọjọ́ yìí. Ẹni tó ń yọ ọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú airbag. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti ní jàǹbá lókè òkun kí wọ́n tó kó o wá. Airbag tó bá ti bẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn, òmíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sí i, owó rẹ̀ kò sì kéré. Kí làwọn kan máa ń ṣe? Wọ́n á bo ojú rẹ̀ padà kó dán, riwáyà á sì pa iná tó yẹ kó máa kìlọ̀ fún yín lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ ó rà á, ẹ ó gbọ́kàn lé e, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Skríìnì ńlá tó ń gbé YouTube jáde sì wà níwájú yín digbí. Inú máa ń bí mi! Ohun tó yẹ kó lọ ló dúró.

Ilé iṣẹ́ náà lè ṣì í yọ o. Ratan Tata, ará Íńdíà, sọ pé ìdílé tí òun ń rí tí wọ́n há ara wọn sórí ọ̀kadà ló mú òun ronú mọ́tò olówó pọ́ọ́kú. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ìyá pẹ̀lú ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan láàárọ̀, ẹ mọ ohun tó rí.) Tata Nano dé ọjà lọ́dún 2009, ní nǹkan bíi 100,000 rupee. Èyí tówó rẹ̀ kéré jù kò ní AC, wáípà kan, nọ́ọ̀tì mẹ́ta lórí wíìlì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ò burú lójú tèmi. Ṣùgbọ́n kò ní airbag, nígbà tí Global NCAP sì dán an wò lọ́dún 2014, òdo ni wọ́n fún un. Orúkọ tún bà á jẹ́: mọ́tò tówó rẹ̀ kéré jù láyé. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa fi ìyẹn júwe òun? Ẹ gbé e wá síbi ìgbéyàwó l'Óṣogbo, ẹ̀yìn ilé lẹ máa páàkì sí. Ní 2018, wọ́n ò ṣe é mọ́.

Dacia Logan tí Renault gbé jáde ní Ròmáníà lọ́dún 2004 sún mọ́ ohun tí mò ń wí. Wọ́n ṣe dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì lóríṣi kan náà kí owó lè dín kù. Ìyẹn ò lè pa ẹnikẹ́ni.

Nílé níbí, ìjọba gbé owó tí wọ́n ń gbà lórí mọ́tò tuntun láti òkè òkun dé ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nínú ètò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2013, kí àwọn ilé iṣẹ́ lè máa tò ó níbí. Àwọn kan ń tò ó lóòótọ́. Èyí tí tíṣà Òkè-Baálẹ̀ lè fi owó oṣù rà ni mi ò tíì rí.

Tí wọ́n bá bi mí, kí wọ́n yọ skríìnì, fóònù mi ní mápù. Kí wọ́n yọ awọ orí ìjókòó, fèrèsé òrùlé, àti iná aláwọ̀ tó ń tàn lẹ́bàá ẹsẹ̀. Kí wọ́n fi airbag méjì, bíréèkì ABS àti bẹ́líìtì gbogbo ìjókòó sílẹ̀. Ẹni tá a jọ ń ṣe ètò yìí ní AC gbọ́dọ̀ wà, ó ní ṣé mi ò mọ oòrùn oṣù kẹta ni. Èmi ní ká yí fèrèsé sílẹ̀. A ò tíì parí ìjà yẹn. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ bá wa dá sí i.